Ọ̀gbẹ́ni Pyo Kì Í Ya Ẹja

Chunhwa àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ní Osaka. Ìyá wa ń jẹun dáadáa, orúnkún nìkan ló ṣì ń dùn wọ́n. Ọsàn erékùṣù Jeju wa níbí ti pọ́n.

Mo ń kọ́ fọ́tò yíyà lábẹ́ omi lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Pyo, àlejò tí ọkọ rẹ ní ká gbà. Ó ní kí n máa nu rọ́bà àpótí kámẹ́rà kí omi má baà wọlé, kí n sún mọ́ ẹja dáadáa, kí n sì tan iná, torí omi a máa gba àwọ̀ pupa lára nǹkan.

Ṣùgbọ́n mo wo fọ́tò tirẹ̀, n kò rí ẹja kankan. Àpáta tí àwa obìnrin tí ń mòòkùn ti ń ṣa ìgbín òkun ló kún ibẹ̀, ibi tí oúnjẹ wa wà.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹja yín dà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n sá fún mi ni, Àǹtí."

"Ìgbín ò lè sá ní tiẹ̀, àbí?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Mo yọ káàdì tí fọ́tò wà lórí rẹ̀ kúrò nínú kámẹ́rà náà lójú rẹ̀, mo fi sápò. Títí di òní, kò bèèrè rẹ̀.

Jọ̀ọ́, bi ọkọ rẹ níbi tí òun àti Ọ̀gbẹ́ni Pyo ti mọra. Bó bá jẹ́ òun ló rán an wá ṣe amí ibi tí ìgbín wa wà, má fi pa mọ́ fún mi nítorí pé ó jẹ́ ọkọ rẹ.

Ilé rẹ kò ní dàrú o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Malsun