Ọsàn Tí Mo Fi Owó Rà ní Bódìjà

Bàbá mi tó fi ọkọ́ lé mi lọ́wọ́,

Ẹ kú ìsinmi lọ́run. N kò dọ̀bálẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú, torí èmi náà ń bínú. Fọlákẹ́ ọmọ mi ló jókòó síwájú mi tó ń kọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ẹ kò rán mi níléèwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iléèwé kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ ọsàn ni.

Ẹ rántí òfin yín: àgbẹ̀ kì í fi owó ra ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ lè hù. Mo kéré gan-an lọ́jọ́ tí mo ra ọsàn kan lọ́jà, nígbà tí tiwa kò tíì pọ́n. Ẹ gbà á lẹ́nu mi, omi rẹ̀ ṣì ń kán sí mi láyà, ẹ jù ú fún ewúrẹ́. Ẹ wá sọ lójú gbogbo ọjà pé ọmọ tó bá tún fi owó ra ọsàn kì í ṣe ọmọ yín. Láti ọjọ́ náà, ẹnu mi kò kan ọsàn ọlọ́sàn mọ́. Mo ti di bàbá àgbà, mo ṣì ń pa òfin náà mọ́ bí ẹni pé ẹ dúró sẹ́yìn mi.

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, tí orúnkún kò jẹ́ kí n lè lọ sóko mọ́, Fọlákẹ́ mú mi wá sí Bódìjà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ fún un pé ohun tó bá ti oko wa wá nìkan ni n ó máa jẹ. Ó rò pé eré ni. Àwọn ará ilé a máa fi èlùbọ́, gàrí, ẹ̀pà àti ata gbígbẹ ránṣẹ́, Fọlákẹ́ a sì lọ gbà á ní gáréèjì Òjòó. Ọsàn àti ẹ̀fọ́ kì í bá a wá, wọn á ti jẹrà kí wọ́n tó dé. Bó bá gbé ẹ̀fọ́ tó rà síwájú mi, mo máa ń fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Bó bá bó ọsàn, mo máa ń ní kó gbé e fún aládùúgbò. Ọdún kejì rèé.

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ń run orín láàárọ̀, orí orín pọ́n. Èrìgì mi wú, eyín iwájú kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo fi ojúgun gbá etí bẹ́ẹ̀dì, egbò náà kọ̀ kò jinná. Ara mi ń dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n nà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò nà mí. Mo ní ọjọ́ ogbó ni.

Fọlákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìpara ní Àgbowó. Ìgò kékeré kan wà níbẹ̀ tó dúdú, wọ́n ya ọsàn tí wọ́n là sí méjì sí i lára. Fítámìn C ni wọ́n pe omi inú rẹ̀. Fọlákẹ́ ní ó ń mú àbàwọ́n ojú kúrò díẹ̀díẹ̀, ó ń mú kí ojú dán, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ máa ń bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí ìgò rẹ̀ fi dúdú. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan wọlé, ojú rẹ̀ ń dán bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

“Màmá, ṣé ojú mi á dán kó tó di Sátidé?”

“Fi sùúrù lò ó o,” Fọlákẹ́ dáhùn. “Kì í ṣe idán.”

Mo pòṣé. Ojú tí Ọlọ́run ti dán tán! A ń fi ọsàn pa ojú ẹni tí kò ní egbò, èmi tí mo gbin ọsàn, ẹ̀jẹ̀ ń kún mi lẹ́nu.

Mo wá gbọ́n ọgbọ́n kan. N kò ní ra ọsàn, ṣùgbọ́n ọjà ọmọ mi, ṣé ọjà òde ni? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Fọlákẹ́ kò sí nílé, mo mú ìgò kan nínú ẹrù rẹ̀, mo kán an sí ìka, mo fi pa èrìgì. Bàbá, iná! Kí Fọlákẹ́ tó dé, ètè mi ti wú bí àkàrà. Ó gbé mi lọ sí ọsibítù kan ní Ríìn Róòdù, ó ń sunkún, ó sì ń bú mi lójú ọ̀nà.

Dókítà náà kò ju ọmọ ọmọ mi lọ.

“Bàbá, ẹ fi ìpara ojú pa èrìgì?”

“Ṣé fítámìn C kọ́ ni?”

“Òun náà ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi pa awọ, ara awọ ló ń bá gbé, àwọn nǹkan mìíràn sì wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ ẹnu. Èyí tó ń di èrìgì mú, tó ń mú egbò jinná, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà wọlé. Kí lẹ jẹ lánàá?”

“Ẹ̀bà.”

“Ìjẹta ńkọ́?”

“Ẹ̀bà.”

“Èso ńkọ́, Bàbá?”

Fọlákẹ́ pariwo. “Ẹ bi wọ́n kí n gbọ́, Dókítà! Fítámìn C kún ṣọ́ọ̀bù mi, àìrí i jẹ ló fẹ́ pa bàbá mi nínú ilé!”

Dókítà ní ara kì í ṣe fítámìn C fúnra rẹ̀, kì í sì í tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Ó fún mi ní oògùn oníhóró. Ó ní bí oògùn bá tán tí n kò jẹ èso àti ẹ̀fọ́, ẹ̀jẹ̀ á padà, eyín á sì máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Eyín á máa já bọ́. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí ọdún tí ìyá mi ń fún àbúrò mi obìnrin lọ́mú, tí òjò kò tètè dé, tí ẹ̀fọ́ kò sí, tí igi ọsàn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu wọn. Wọ́n ní ọsàn ń wù wọ́n. Ó wà lọ́jà, àwọn ará ìsàlẹ̀, níbi tí òjò ti máa ń tètè rọ̀, ń gbé e wá. Ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù, tiwa ń bọ̀. Eyín mẹ́rin bọ́ kí tiwa tó pọ́n. Títí wọ́n fi kú, wọn kò rẹ́rìn-ín kí wọ́n má fi etí ìró bo ẹnu.

Mo bi dókítà bóyá ohun kan náà ni. Ó ní òun kò lè sọ nípa ẹni tí òun kò rí. Ẹ̀yin tí ẹ rí wọn ńkọ́? Lọ́jọọjọ́ ọjà, tí ẹ ń kọjá níwájú ọlọ́sàn, ṣé ẹsẹ̀ yín kò wúwo rí? Ìtìjú kí àgbẹ̀ máa fi owó ra ọsàn, ta ló ń pa, ẹ̀yin àbí ilẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wọn. Nígbà tí tiwa pọ́n, ẹ gbóòórùn àkọ́ká, ẹ bó o, èèpo rẹ̀ kò já, ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́ kí ọmọ kankan tó tọ́ ọ wò. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ìfẹ́ wà, ẹ jẹ́ kó dúró de àsìkò.

Lánàá, mo fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sọ́jà Bódìjà, Fọlákẹ́ tẹ̀lé mi. Mo yẹ ọsàn wò títí, mo sọ fún obìnrin tó ń tà á pé wọ́n ti já a kó tó gbó.

“Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá àgbà! Bí ẹ bá mọ ọsàn tó báyìí, kí ló dé tí ẹ ò gbin tiyín?”

“Mo gbìn ín,” mo ní. “Bó fún mi.”

Mo sanwó, mo dúró síbẹ̀ mu mẹ́ta, ó ta mí léèrìgì, omi rẹ̀ ṣàn sí bùbá mi. Fọlákẹ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà rí ojú rẹ̀.

N kò tíì dárí jì yín. Bí ìyá mi bá wà lọ́dọ̀ yín, tí ọjà sì wà níbẹ̀, ẹ ra ọsàn fún wọn. Ẹ má dúró de tiwa.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, bí ẹ gbà, bí ẹ kọ̀.