Oríkì Tí Mo Fi Bo Àṣírí Màmá

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Omi ti dé ẹnu ilẹ̀kùn Màmá ẹlẹ́ja yíyan ní Agboyi. Wàsíù ọmọ wọn ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi wọlé láti Kétu. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lọ síbẹ̀ nítorí ìwé oyè dókítà tí mò ń kọ ní fásitì — bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ fáwọn tí omi lé nílé. Òní ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àṣírí ọ̀hún fún mi. Orúkọ onílé nìkan ni àjọ tó ń pín ìrẹsì máa ń kọ. Ayálégbé ò sí nínú ìwé wọn. Nítorí náà, bí ọkọ̀ àjọ bá ti lọ, àwọn obìnrin á ru ìrẹsì wọn wá sílé Màmá, wọ́n á dà á pọ̀ sórí ẹní, wọ́n á tún un pín kárí. "Àjọ ò gbọdọ̀ gbọ́ o," ni Màmá wí. "Wọ́n ní ẹni tó bá fún ẹlòmíì, àwọn á yọ orúkọ ẹ̀." Mo ṣèlérí.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ilé, Ìkòsí. Òfin iṣẹ́ ìwádìí wa ni pé ká fi orúkọ míì bo ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀. Kí n wá máa pe Màmá ní "Obìnrin Kẹrin"? Láéláé. Oríkì wọn ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú àkọsílẹ̀ mi: Àrìnkẹ́. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, èmi nìkan ni wọ́n gbà kó máa fi pè wọ́n. Ìyá Wàsíù ni gbogbo Agboyi mọ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Òjò. Mi ò jáde. Òórùn ẹja yíyan tí Màmá fún mi ti gba gbogbo yàrá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Ọ̀jọ̀gbọ́n Olújìmí, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi — Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè wọ́n níbí — ní kí n fi gbogbo àkọsílẹ̀ Agboyi ránṣẹ́. "Motúnráyọ̀ ọmọ mi, send everything, kó o lè ṣe defence kí ọdún tó parí." Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí gbólóhùn yẹn, kí n lè gbèjà ìwé mi kí n sì gboyè! Mo fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20
Cecilia tá a jọ ń kàwé oyè dókítà ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ìròyìn tí Ẹlẹ́rìn-ín kọ fún àjọ náà. Orúkọ tiẹ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni, títí kan ibi tí mo ti ṣi ọjọ́ kọ. "Jìbìtì" ló pe ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe. Ojú ìwé kọkànlá: Àrìnkẹ́ tó ń yan ẹja ni olórí wọn.
Mi ò fi "wọn" pè é mọ́.
Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín. "Ah-ah, consultancy lásán ni àjọ gbé fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ nísàlẹ̀ ìwé. Ṣé o fẹ́ ṣe defence àbí o ò fẹ́?" Mo pa fóònù. Mo kórìíra ara mi pé mi ò bá a jà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21
Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì, 24
Ẹlẹ́rìn-ín fi ọjọ́ defence ránṣẹ́: 18 Oṣù Kọkànlá. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí fásitì, mo fi ránṣẹ́ kí ẹ̀rù tó bà mí. Bóyá oyè dókítà mi ti lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25
Wàsíù ò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Àjọ ti yọ orúkọ gbogbo àwọn obìnrin náà; ìrẹsì kankan ò wọ Agboyi lọ́sẹ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀ fún Màmá. Mo ní ọ̀gá mi ló dà mí, mo sì ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo bi wọ́n pé báwo ni àjọ ṣe mọ̀ pé Màmá ni Àrìnkẹ́.
Màmá ń yí ẹja lórí ààrò. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ àjọ dúró létí omi, wọ́n ń kígbe Àrìnkẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ti fẹ́ wọ ọkọ̀ padà.
"Èmi ni mo dáhùn," ni Màmá wí. "Mo rò pé ìwọ lo rán wọn sí mi. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo jáde sí wọn."
Nígbà tí mo ń dágbére, Ìyá Wàsíù ni mo pè wọ́n, bí gbogbo Agboyi ṣe ń pè wọ́n. Wọ́n jẹ́ mi lóhùn.