Àwòrán Ọwọ́ Ìyá

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Oògùn orúnkún tí o fi ránṣẹ́ sí Ìyá ti dé. Wọ́n ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ti ń bá gbogbo wa jà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Inú ń bí mi. O mọ̀ pé lẹ́yìn pólì, mo wọ yunifásítì láti gboyè kejì nínú iṣẹ́ ọnà, kí ilé-iṣẹ́ fíìmù lè gbà mí. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi gbé àwòrán mi sí ibi àfihàn, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Mo lọ bá a: "Ọ̀gá, iṣẹ́ mi lẹ jí yìí!" Ó rẹ́rìn-ín: "Máa dúpẹ́, ṣebí wọ́n rí i."

Ìbínú fẹ́ pa mí, títí mo fi rántí ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde. Ẹnu mi ni.

Ìwọ lo ya àwòrán ọwọ́ Ìyá níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Mo pa orúkọ rẹ rẹ́, mo kọ tèmi, mo fi gba ẹ̀bùn ní pólì. Nígbà tí o sunkún, mo ní, "Dákẹ́, ṣebí wọ́n rí i." O kò ya àwòrán mọ́ láti ọjọ́ náà. Eérú ń tọ ẹni tó dà á: mo pe ọ̀gá mi ní olè, olè sì ni èmi náà.

Àwòrán ọwọ́ Ìyá yẹn kan náà ni mo fi wọlé sí yunifásítì níbí. Lọ́la ni n óò sọ fún àwọn aláṣẹ ibí pé ìwọ lo yà á; bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lé mi. Jọ̀wọ́, má kọ̀wé pé kò sí nǹkan. Bínú sí mi bó ti tọ́.

Kí Ọlọ́run dá ọwọ́ rẹ padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì. Sọ fún mi: orúkọ rẹ wo ni kí n kọ sí àwòrán náà, ti ilé wa ni àbí ti ilé ọkọ?

Ẹ̀gbọ́n rẹ