Ẹ Má Wá Fẹmu Wẹ̀ Mí

Ilé Bàbá Oyèlékè,
Ìsìkàn, Àkúrẹ́.
Ọjọ́bọ̀, Oṣù Kẹjọ, 1994.

Àǹtí Monílọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Bùọ̀dá Lawrence, mo sì fi ọ̀wọ̀ kí ẹni tó wà nínú yín tí a ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí ara yín dá ju tèmi lọ. Kò lè ṣòro, nítorí àgbàdo sísun gan-an dán jù mí lọ lónìí.

Ṣíkìn-pọ́ọ̀sì ló mú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ibà, ó wá sú bò mí lára, omi kún inú rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni mo wà, irin wà lójú fèrèsé; ẹ̀ṣẹ̀ mi nìkan ló kù kí wọ́n kà fún mi. Akínyẹmí, ọ̀rẹ́ mi láti poli, ló ń ti oúnjẹ gba àárín irin wọlé. Àrùn náà ti mú òun ní kékeré.

Onílé mi, Bàbá Oyèlékè, dúró ní ọ̀ọ́kán, ó ní, “Adélaní, kápúsù méjì àti ẹmu la fi ń lé e. Wọn ò kọ́ ọ níyẹn ní poli?” Mo ní, “Bàbá, kápúsù yẹn ò lè rí i pa.” Ó ṣe hàà. Nírọ̀lẹ́, ó ra kèrègbè ẹmu kan pé kí n fi wẹ̀, ó ní kí òun kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìtọ́wò náà ló gbé e tán.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán láti Oǹdó: “Mò ń gbé ẹmu bọ̀ ní Sátidé. Ta ni yóò wẹ ọmọ mi bí kò ṣe èmi?” Àǹtí mi, ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá. Bẹntiróòlù tó wọ́n yìí, mo ti ń gbàdúrà kó wọ́n títí Sátidé á fi kọjá.

Fáírọ́ọ̀sì ni ohun tó wà lára mi. Ó kéré débi pé ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá tí a ní ní poli ò lè rí i. Kì í jẹun, kì í mí, kò lè dá bí ara rẹ̀. Àṣẹ lásán ni, tí a wé sínú èèpo. Bó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá wínníwínní tí a fi mọ ara wa, á ní kó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kó máa ṣe ẹ̀dà òun. Sẹ́ẹ̀lì náà á ṣe é títí yóò fi bẹ́, àwọn ẹ̀dà á sì ya ilé aládùúgbò. Ẹni tó bá ń gbé orílẹ̀-èdè yìí lábẹ́ ológun lọ́dún yìí, ó yẹ kó tètè yé e.

Ara mi fúnra rẹ̀ ló dá iná ibà yẹn, ó ń jà. Kápúsù Bàbá, bakitéríà ló ń pa. Fáírọ́ọ̀sì yìí sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì wa, kápúsù ò lè bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá ṣẹ́gun tán, kì í gbàgbé ọ̀tá náà.

Ara tiyín ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ rántí pé bó bá ti wọ àdúgbò, Màámi á kó wa lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín, wọ́n á wá máa yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì: “Àwọn ọmọ tèmi? Kò fara kàn wọ́n rí!” Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbé wa sá fún ní kékeré ló ká mi mọ́ lágbà, ìgbà tó burú jù. Bó bá mú aboyún, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹ ti retí oyún yìí pẹ́. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Dídúró lẹ́nu ọ̀nà mi ti tó láti kó o.

Mo ní kí Akínyẹmí sá lẹ́tà yìí sóòrùn bí èlùbọ́ kó tó mú un wá. Síbẹ̀, bí ẹ bá kà á tán, ẹ fọṣẹ fọwọ́.

Kí Ọlọ́run sọ̀ yín kalẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, èmi náà á wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Àbúrò yín tí ẹ tọ́ dàgbà,
Adélaní.

Àfikún: Akínyẹmí tó dúró níwájú yín yìí ti ilẹ̀kùn mi látìta kó tó máa bọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ lè má gbọ́, mo sì mọ̀ pé bí ẹ bá fi oríkì kì mí lẹ́ẹ̀kan péré láti ìta, màá ṣílẹ̀kùn bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fún un lóúnjẹ. Ẹ má sunkún níṣojú rẹ̀, kó má baà yọ kọ́kọ́rọ́ fún yín. Ojú àánú tiẹ̀ burú ju tèmi lọ.