Ẹ̀dà Ìwé Ilé Kọ̀yà

Ìṣẹ́gun, 1 Sẹ́tẹ́ńbà 1964
Ìyá Túndùn, opó Kọ̀yà ọ̀rẹ́ mi, wá bá mi nílé ní Kinkinau, ní Kaduna níbí, lẹ́yìn òjò. Kò jókòó. Ikán ti jẹ ìwé ilé wọn. Inú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn ni Kọ̀yà tọ́jú rẹ̀ sí, àpótí tó ti dáhò nísàlẹ̀ tipẹ́. Ó da ohun tó kù sórí tábìlì mi: erùpẹ̀, àti bébà kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, Bàbá Súnkànmí, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ọ́fíìsì, ẹ bá mi gba òmíràn. Mo ní kò burú.

Oṣù mẹ́ta lónìí tí a sin Kọ̀yà. Mi ò sunkún. Mi ò tíì sunkún.

Ọjọ́rú, 2 Sẹ́tẹ́ńbà
Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún ara mi. Orúkọ mi ló wà nínú ìwé yẹn.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni. Ilẹ̀ ìjọba ni ilẹ̀ àdúgbò Kabala, ogójì ọdún ni wọ́n fi ń yá èèyàn. Kọ̀yà rí ilé tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni — àjèjì lójú òfin Àríwá. Àfi kó kọ̀wé gba àṣẹ, kó sì máa retí. Èmi ọmọ Kábà ńkọ́? Yorùbá bíi tirẹ̀, ọmọ Àríwá lórí bébà. Ó ní, "Akínwùmí, ọ̀nà kan ò wọjà. Fi orúkọ rẹ rà á fún mi." Owó rẹ̀, orúkọ mi. A rẹ́rìn-ín títí. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní bó bá mọ̀, kò ní lè sùn mọ́. Èmi sọ fún tèmi.

Ajé, 7 Sẹ́tẹ́ńbà
Ọ́fíìsì ilẹ̀. Jimoh ará Ìlọrin ló ń tọ́jú àwọn ìwé ńlá. Ó bèèrè orúkọ ẹni tó ra ilé. Mo dárúkọ ara mi. Ó wá a, kò rí fáìlì. "Sai gobe." Kí n padà wá lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 8 Sẹ́tẹ́ńbà
Sai gobe.

Ọjọ́rú, 9 Sẹ́tẹ́ńbà
Sai gobe. Mo ti sọ Jimoh ní Ọ̀gbẹ́ni Gobe. Kò dùn mí pé kò rí i.

Ẹtì, 11 Sẹ́tẹ́ńbà
Ìyá Túndùn gbé ẹ̀wà wá, ó sì mú lẹ́tà dání kí n kà á fún un. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí Kọ̀yà bá fi ilé sílẹ̀ fún un ní Kaduna, kó jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé ilé, kó máa bọ̀ nílé kí Kérésì tó dé, Olúsọjí àbúrò ọkọ rẹ̀ yóò ṣú u lópó. Mo kà á bó ṣe wà, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan.

Ó ní, "Olúsọjí kẹ̀! Ìyàwó tó wà nílé rẹ̀, ṣé kò tíì lù ú tó ni?" Ó dìde, ó lọ. Ó gbàgbé àwo rẹ̀.

Àìkú, 13 Sẹ́tẹ́ńbà
A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màdáámù — Agatha ìyàwó mi — kò tíì tú gèlè tó fi bẹ̀rẹ̀. Yàrá mẹ́fà ni ilé Kọ̀yà, Akin. Àwa wà nínú méjì, òjò sì ń jò sí wa lórí. Ta ló mọ̀? Òkú ò lè jẹ́rìí. Mo ní kó dákẹ́. Ó ní òun ò kúkú ní ká lé e jáde, kó máa gbé yàrá kan. Ó ti pín ilé olílé tán lẹ́nu.

Ó wù mí fún ìṣẹ́jú kan. Mo kọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà mo jẹun.

Ìṣẹ́gun, 15 Sẹ́tẹ́ńbà
Mo bi Jimoh bí ẹni ń bèèrè fún ẹlòmíràn: bí ọmọ Àríwá bá bá ọmọ Ìjẹ̀bú ra ilé, ṣé a lè yí i padà sórúkọ ẹni tó ni ín? Ó gbójú sókè. "Wallahi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ìjọba á gba ilé. Ẹni tó yá a lórúkọ, bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn." Mo ní mo kàn bèèrè ni.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba.

Àbámẹ́ta, 19 Sẹ́tẹ́ńbà
Òjò. Mi ò jáde.

Ẹtì, 25 Sẹ́tẹ́ńbà
Ọ̀gbẹ́ni Gobe rí fáìlì. Ewé mẹ́ta, òǹtẹ̀ pupa, ìbuwọ́lù ọ̀gá rẹ̀ nísàlẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni. Orúkọ mi dúdú, ó hàn ketekete. Mo wò ó bí ẹni ń wo orúkọ ẹlòmíràn.

Àìkú, 27 Sẹ́tẹ́ńbà
Mo gbé e lọ sí Kabala. Ìyá Túndùn nu ọwọ́ méjèèjì kó tó gbà á. Ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò mọ̀wé. Ó dá a padà fún mi: "Ẹ kà á fún mi. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Bàbá Túndùn ló ra ilé."

Mo ka orúkọ ẹni tó tà á. Mo ka ogójì ọdún. Nígbà tí mo dé ibi tí orúkọ mi wà, mo ka orúkọ Kọ̀yà dípò rẹ̀: Adékọ̀yà. Ohùn mi ò gbọ̀n.

Ó bú sẹ́kún. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún mi, fún Súnkànmí, fún Agatha. Ó ní Olúsọjí á dúró títí.

Túndùn wà ní kíláàsì kejì. Èmi ni mo kọ́ ọ ní A B D, orúkọ bàbá rẹ̀ àti tèmi la fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, mi ò mọ̀. Ó fi ìka tẹ bébà. "Màámi, orúkọ Bàbá Súnkànmí nìyí."

Ìyá rẹ̀ fi etí ìró nu ojú, ó rẹ́rìn-ín — ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ ìsìnkú. "Kí ni kò ní jẹ́ kó wà níbẹ̀? Ta ni bàbá rẹ ìbá tún fi ṣe ẹlẹ́rìí? Àbí ẹ̀yin kọ́ ni, Bàbá Súnkànmí?"

Mo ní, "Èmi ni."