A Kì Í Fárí Ajá Lẹ́yìn Ajá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìrìn, wá ibi jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn díẹ̀. Bí ó bá sì bá ọ lórí ìjókòó, má dìde, ire ni. Iṣẹ́ ńkọ́, ilé tí o háyà ńkọ́, onílé rẹ tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn ajá ńkọ́? Ẹlẹ́dàá tí ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ kò ní tòògbé. Ara tèmi le. Orúnkún ìyá rẹ nìkan ni ó ń kùn bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ orúnkún òun sínú ìwé, nítorí náà má jẹ́ kí ó mọ̀ pé o gbọ́.

Ajá tí o gbà lọ́wọ́ àwọn tí ń dóòlà ẹranko, tí o gbé wá bá wa, ń jẹ ó ń mu. Orúkọ tí o sọ ọ́ kò bá ahọ́n mi lára mu, mo ti sọ ọ́ di Jẹ́jẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé ojora pọ̀ lára rẹ̀, bí ìdérí ìkòkò bá jábọ́ báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni a ó ti bá a. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, ibi tí ó dúró sí ni ó tọ̀ sí. Ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi irinṣẹ́ yẹn ṣe é ní ìkà, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣe onígbàjámọ̀, mo gẹ irun fún ọmọ tí ń ké, mo gẹ ẹ́ fún ọ̀mùtí tí kò lè jókòó, kò sí oníbàárà kan tí ó tọ̀ sílẹ̀ nítorí mi rí.

Irun rẹ̀ sì ti ta kókó lẹ́yìn etí àti ní itan ẹ̀yìn, ó dì bí kànìnkànìn. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Wọ́n kọ́kọ́ fún wa ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè irú ìran tí ó jẹ́, mo kọ ọ́ pé n kò mọ àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ jọ ti ọmọ tí a kọ́ nílé. Wọ́n bèèrè ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Ọlọ́run. Akọ̀wé wọn ní kí n fi nọ́ńbà sí i, mo wá kọ tìrẹ.

Dókítà ní egbò wà lábẹ́ kókó irun náà, bí a kò bá sì gẹ irun náà kúrò láàárín oṣù kan, egbò yóò kẹ̀. Ó ní ọ̀nà tó yá ni kí òun gún un ní abẹ́rẹ́ oorun kí òun gẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n pẹ̀lú wárápá tí ń gbé e, tí o ti kó oògùn rẹ̀ fún wa kí o tó lọ, ẹ̀rù ń ba òun pé ó lè má jí mọ́. Mo ní dókítà, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Bí ẹ bá ti mú un sùn, olórí ti lọ nìyẹn. Mo ní kí ó fún mi ní oṣù kan yẹn, èmi ni n ó gẹ ẹ́, ojú rẹ̀ yóò sì là kedere. Ó wò mí títí. Mo ní kí ó má wò mí, kí ó wo kàlẹ́ńdà.

Bí mo ṣe délé ni mo ṣí fídíò tí o fi ránṣẹ́, lórí bí a ṣe ń gẹ irun ajá tí ń bẹ̀rù. Ọmọ mi, o ṣeun, obìnrin inú fóònù yẹn mọṣẹ́. N kò gbọ́ gbogbo èdè rẹ̀, imú ni ó fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ kì í wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ kó má kí i, torí náà ní àràárọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníṣẹ́, àwa ti dé. Kì í dáhùn, iṣẹ́ ń pa á. Ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ kò wọ́pọ̀: ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kọ́ mi ní ìgbà mọ́kàndínlógún, kò fajúro lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ kan náà ni ó sì máa ń wọ̀. Bí o bá mọ̀ ọ́n, bá mi wádìí bóyá kò sí ìṣòro nílé.

Ohun tí ó ń wí ni pé kí n má kánjú. Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo kàn fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀yìn òòyà kàn án lára, mo fún un lẹ́ran, mo kó ẹrù mi, ó tán fún ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ìgẹrun, inú yàrá kejì ni mo ti ń tàn án, kí ó máa gbọ́ ọ láti òkèèrè, mo wá ń sún un bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti ń lá ètè láìjẹun, ẹ̀rù ti ń bà á nìyẹn, a ti ṣíwọ́. Ìyá rẹ ní oníbàárà tí mo ń gẹ irun fún ní ìṣẹ́jú méjì lójúmọ́, ìgbà wo ni mo fẹ́ ṣe tán? Mo ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

N kò ní purọ́ fún ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí mi wú. Ó ti jẹ́ kí n gẹ itan ọ̀tún, mo wá ní kí n mú ti òsì mọ́ ọn ní ọjọ́ kan náà. Ó lá ètè, mo rí i, mo dì í mú. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wárápá gbé e. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa sáré gbé ṣíbí wá láti fi sí i lẹ́nu, mo lé e tòun ti ṣíbí rẹ̀ jáde, mo kó àpótí kúrò níwájú ajá. Dókítà ti ní kí n máa fi fóònù ká a sílẹ̀, kí òun lè mọ bí ó ṣe pẹ́ tó. Mo gbé fóònù sókè, mo sì ká a. Nígbà tí dókítà wò ó, ó ní òun kò rí ajá níbẹ̀ rárá, ojú mi nìkan ni ó wà níbẹ̀, tí mo ń sunkún tí mo sì ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ péye, ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ó ní wárápá lè wá fúnra rẹ̀. Èmi mọ ohun tí mo ṣe. Mo padà síbi àlùmọ́gàjí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, bí ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó kù kí oṣù pé, ẹ̀yìn etí òsì nìkan ni ó sì kù, ibi tí egbò ti pọ̀ jù. Mo tẹ fóònù, obìnrin náà kò yọjú. Dátà ti tán. Ojú fóònù ṣú dùdù. Mo ní ta ni yóò wá tọ́ wa sọ́nà? Ṣùgbọ́n n kò lè tìtorí pé ènìyàn kò sí nílé kí n má kí ilé. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá oníṣẹ́, àwa ti dé. Ọmọ mi, Jẹ́jẹ́ dìde lórí ẹní rẹ̀, ó rìn wá, ó dùbúlẹ̀, ó sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìkíni yẹn ni ó ń dúró dè láti ọjọ́ yìí wá. Mo gẹ ẹ̀yìn etí náà tán. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí. Mo gbé dígí fún un bí mo ṣe ń gbé e fún gbogbo oníbàárà, ó lá dígí náà.

Dókítà ní egbò ti ń gbẹ, a kò nílò abẹ́rẹ́ oorun mọ́. Wárápá ṣì wà, ó ní oògùn ni yóò máa lò títí. Èyí kò ba wá lẹ́rù, ìwọ kì í kúkú gbàgbé. Aago méje àárọ̀, aago méje alẹ́, o ti pè. Bí fóònù bá ti dún, mo máa ń gbé e sétí, mo máa ń sọ pé mo ti gbọ́, ọmọ mi, mo ti ń fún un, ìwọ a sì dákẹ́. Ìyá rẹ ní kì í ṣe ìwọ, ó ní aago ni o fi sínú fóònù kí o tó lọ. Mo ní aago wo ni yóò mọ̀ pé ajá kan ní oògùn í lò? Mo mọ ẹni tí mo bí.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn oṣù tó ń bọ̀ ránṣẹ́, àti owó dátà kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Bí ọwọ́ rẹ bá sì dilẹ̀, nígbà mìíràn tí o bá pè, sọ̀rọ̀ díẹ̀. Gbólóhùn kan tó. Jẹ́jẹ́ máa ń gbé etí rẹ̀ tí mo gẹ sókè sí fóònù náà, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ọwọ́ ìkà kò ní tó orí rẹ. Ẹni tí yóò bá ọ tún ayé rẹ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ̀ ọ́. Ibi tí o bá sá kúrò, ìwọ kì yóò padà síbẹ̀, àfi ilé.

Èmi ni baba rẹ, onígbàjámọ̀ tí oníbàárà kan ṣoṣo sá fún rí, òun náà sì ti padà wá.