Mọ́tò Tí Ẹ Mọ̀ọ́mọ̀ Rì Sínú Ẹrẹ̀

Qudrah Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Àsàláámú àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Khàlíl ọkọ rẹ náà wà ní àlàáfíà, ṣé táyà ń tà? Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú má fi ibi kàn yín, kí ó má sì jẹ́ kí ojú tì mí lórí yín mọ́. Mo ní “mọ́” o. O mọ ohun tí mo ń sọ. Mo kọ́kọ́ ṣe àdúrà ná nítorí pé ìyá kì í fi èébú bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, inú bí mi láti Warri títí dé Ìṣẹ́yìn, inú náà kò sì tíì rọ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ilé dáa. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, akọ kan abo kan. Àbúrò rẹ Sàláhúdéènì ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kò jò mọ́. Gbogbo ará àdúgbò ló ń béèrè bí mo ṣe gbádùn Warri sí, mo sì ń sọ fún wọn pé mo gbádùn, kí Ọlọ́run forí irọ́ náà jì mí. Mo rí i pé ò ń pè mí lórí fóònù. N kò gbé e. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì fi àwo bò ó kí o má baà rí ibi tí mo jókòó sí.

Ṣé èmi ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o mú mi jáde lọ́jọ́ Sátidé yẹn? Ìwọ lo ní kí n múra, pé ẹ fẹ́ mú mi lọ gba atẹ́gùn. Mo wọ léèsì tí mo fi ṣọdún Iléyá, mo fi ìborùn funfun lé e, mo rò pé ilé èèyàn la ń lọ. Àfi bí mo ṣe bá ọkọ̀ ńlá yẹn lẹ́nu ọ̀nà yín ní Edjeba, ọkọ̀ tó ga bí àká àgbàdo, tí Khàlíl ní láti gbé àpótí sílẹ̀ kí n tó lè gùn ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò, ó yẹ kó máa kó ọjà, ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì àti okùn ló wà níbẹ̀, àti pákó pupa méjì tó hu eyín. Mo rí ihò imú kan tó gùn láti ibi ẹ́ńjìnnì dé orí òrùlé, mo béèrè bóyá ẹ máa ń dáná nínú rẹ̀ ni. O rẹ́rìn-ín, o ní ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti máa mí bí ó bá wọ omi. Ó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà náà. Mọ́tò wo ló ń mí lórí òrùlé, bí kì í bá ṣe èyí tí ẹni tó ni ín ti pinnu àtirì í?

A kọjá Ekpan, ọ̀dà tán, ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀. A bá àwọn ọ̀rẹ́ yín níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ńláńlá tiwọn. Mo fi ojú ara mi rí Babátúnjí, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta bátìrì ní Agbassa, ó lóṣòó sídìí táyà rẹ, ó ń tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, fììììì. Mo figbe ta. Mo di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo ní ta ló rán an, ṣé nítorí pé ọjà rẹ ń tà ju tirẹ̀ lọ ni? Gbogbo yín rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń di ikùn mú. O ní bí afẹ́fẹ́ bá dín, táyà á lè tẹ ẹrẹ̀ dáadáa. Ìwọ tó ń ta táyà, tó ń sọ fún oníbàárà lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má gbàgbé láti fi afẹ́fẹ́ sí i! Lẹ́yìn náà ni ẹ ju ẹyẹ onírin kan sójú ọ̀run, tó ń dún bí oyin, tó sì ń tẹ̀lé wa. Mo ń ka Áyátúlì Kúrísíyù ní tèmi, kò fò lọ.

Qudrah, ọ̀nà gbígbẹ wà lápá ọ̀tún. Mo fi ìka hàn ọ́. Àwọn obìnrin ru igi gba ibẹ̀ kọjá lójú wa. Ìwọ wò ó, o yí ọwọ́ ọkọ̀ sápá òsì, o sì wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Omi dé ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀ bí ẹṣin tó fẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ó dúró, kò lọ iwájú, kò lọ ẹ̀yìn. Mo rò pé bíréèkì ló já. O bẹ́ sí ìta, ẹrẹ̀ dé ọ lórúnkún, híjáàbù rẹ di pupa, o ń rẹ́rìn-ín, mo ní Ọlọ́run ò, ìpayà ti ba ọmọ mi lórí jẹ́. Khàlíl ló wá pọ̀n mí jáde. Àna mi, ọmọ ọlọ́mọ, ló pọ̀n mí bí ọmọ ọwọ́, bàtà mi ẹsẹ̀ kan sì jábọ́ sínú omi, ó wà níbẹ̀ di òní.

Ṣé kí n wá jókòó kí n máa wò yín ni? Mo sáré lọ sí oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá ibẹ̀. Mo bá obìnrin kan tó ń ro oko pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àgbàlagbà bíi tèmi, ẹni tí wọ́n ń pè ní Mama Ẹfẹ. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú koríko. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo mọ̀ nínú èdè Warri yín, mo kó méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: “Píkìn! Wọ́tà!”

Obìnrin náà sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ó pariwo pe àwọn tó kù, wọ́n sì sá tẹ̀lé mi. Ó ré mi kọjá lójú ọ̀nà. Kò bọ́ bàtà, kò ká aṣọ sókè, ó bẹ́ sínú omi náà, ó kúnlẹ̀ títí omi fi dé àyà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá abẹ́ ọkọ̀, ó ń ké pé, “Wíà dì píkìn? Wíà àm?” Ó rò pé ọmọ kékeré ló rì. Ó ń fọwọ́ kan ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń sunkún. Mo na ìka sí ọ. Ìwọ ni píkìn náà, ìwọ tó ti bímọ méjì, tó dúró síbẹ̀ tí o fọwọ́ di ẹnu.

Síbẹ̀ wọn kò bínú. Wọ́n gbẹ́ ẹrẹ̀, wọ́n ti ọkọ̀. Babátúnjí gba ojú oko kọjá kó lè rí ibi gíga fa yín, ó sì fa okùn irin jáde lẹ́nu ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni fa ìfun ẹran. Nígbà tí ẹ máa fi jáde, ebè ẹ̀gẹ́ Mama Ẹfẹ ti di pẹrẹsẹ. Ẹ pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin náà bá yín pàtẹ́wọ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé ó parí. Àṣé o kàn fẹ́ yíjú ọkọ̀ padà ni. O tún wọ inú ẹrẹ̀ kan náà lọ!

Mama Ẹfẹ wo ọkọ̀, ó wò mí. Omi ń kán lára ìró rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, kò pariwo: “Ná pùléè ùnà dè pùléè?” Mo bi Khàlíl pé kí ló wí. Ó ní obìnrin náà ń béèrè pé, ṣé eré lẹ ń ṣe ni.

Babátúnjí na owó sí obìnrin náà láti ojú fèrèsé. Kò wò ó. Ó jókòó sínú oko, ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ tó hú jáde, wọn kò tíì ju ìka ọwọ́ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bá a ṣà á pẹ̀lú léèsì mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi wọ ọkọ̀ yín mọ́, tí mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ojú ọ̀dà wọ kẹ̀kẹ́, tí mo sì ti di ẹrù mi kí o tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo ti fẹ́ dákẹ́. Àfi bí Sàláhúdéènì ṣe fi fóònù rẹ̀ hàn mí lánàá. O ti gbé àwòrán tí ẹyẹ yín yà síta! Mo rí Mama Ẹfẹ nínú omi, tí ẹ fi orin sí àwòrán náà, tí àwọn orí kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ń fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn, tí àwọn èèyàn sì ń fún ọ ní ọkàn pupa. Mo ní kí Sàláhúdéènì bá mi yọ obìnrin náà kúrò níbẹ̀ kí òtútù má mú un. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé ìgbàkígbà tí èèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò tún bẹ́ sínú omi náà ni. Qudrah, mélòó ni ẹ fẹ́ kó bẹ́? Tí ẹnì kan bá ké níbẹ̀ lọ́la, tí ọmọ rì ní tòótọ́, ta ni yóò tún sáré?

Nítorí náà, yọ Mama Ẹfẹ kúrò nínú omi, ìwọ tó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ra igi ẹ̀gẹ́, gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ kó lè rí iṣẹ́ gidi ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ìwọ àti ọkọ rẹ lọ kọ ebè obìnrin náà padà. Má san owó fún ẹnikẹ́ni kó bá ọ kọ ọ́. Mo bí ọ pẹ̀lú ọwọ́ méjì.

Bí o kò bá lọ, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Má gba ti báńkì, nítorí ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n tẹ̀ka sára gíláàsì kí òun tó lè mọ̀ bóyá èmi ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo ti ń ra ẹ̀wà. Fi rán dẹ́rẹ́bà. Èmi fúnra mi yóò wá kọ ebè náà. Kí o gbé ọkọ̀ rẹ sí etí oko, kí o ju ẹyẹ yín sókè, kí o ya ìyá rẹ níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, kí àwọn èèyàn rẹ fún ọ ní ọkàn pupa.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá ké ní tòótọ́, kí Ó jẹ́ kí obìnrin kan sọ ọkọ́ sílẹ̀ nítorí rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí,
Sàlíhátù.